Àwọn Ọmọ Ìdó-Òṣùpá Tí Wọn Kì í Kí Ènìyàn Mọ́

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwòkún, ẹ̀rọ ojú kan báyìí, kì í ṣe pé ó jó ilé, kì í sì í ṣe pé ó pa ènìyàn. Wọ́n ní ó sọ àwọn ọmọ di aláìkíni. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ibi tí Ìdó-Òṣùpá jẹ́.

Ìlú inú àpáta ni, nínú ikùn òṣùpá gan-an. Àwọn ará Èkìtì ló lọ gbẹ́ ẹ láyé àwọn baba ńlá wọn, agbo ilé díẹ̀ péré, wọ́n sì fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ òfurufú tó lè gbé wọn. Wọ́n fi òjò sílẹ̀, wọ́n fi ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi ojú sánmà aláwọ̀ aró sílẹ̀. Ìkíni ni wọ́n kó dání láìdín kù, torí kò wúwo. Nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, èjìká ń kan èjìká ni. Bí ọmọ kan bá kọjá lára àgbà níbẹ̀ láìkúnlẹ̀, láìdọ̀bálẹ̀, kò sí bí àgbà náà ṣe lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, gbọ̀ngàn ìlú kún dé ẹnu ọ̀nà. Baálẹ̀ Fásùàn, olórí ìlú, ló jókòó sórí àga ìdájọ́. Olùpẹ̀jọ́ ni Ìyá Àgbà Èyíwùnmí, olórí àwọn àgbà obìnrin, arúgbó tí ara rẹ̀ ti hun ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ṣì le koko. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni Dókítà Morádékẹ́, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwòkún. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe ni pé ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà ni Morádékẹ́. Ẹjọ́ ilé ni wọ́n gbé wá síta.

Àwòkún yìí, kì í ṣe ohun àbùkù rárá. Awọ kan ni, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo inú àlùbọ́sà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, pẹ̀lú hóró kan bí hóró ìrẹsì tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ lẹ́yìn etí. Oòrùn ojúde òṣùpá kò ní ìkùukùu tí yóò bò ó. Ẹni tó bá ti inú òkùnkùn ihò jáde sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan sì ti torí èyí já sínú kòtò. Ìdí nìyẹn tí Morádékẹ́ fi ṣe àwòkún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fọ́ ojú lójijì, awọ náà á rántí ohun tí ojú rí gbẹ̀yìn níbẹ̀, hóró ẹ̀yìn etí á sì fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ, bí télọ̀ ṣe ń fi àbùlẹ̀ dí ojú aṣọ tó ya, títí ojú yóò fi balẹ̀. Láràárọ̀, ẹ̀rọ náà ń yẹ ara rẹ̀ wò, á sì sọ sí etí ẹni tó wọ̀ ọ́ pé, “Ojú pé.” Látìgbà tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ojú tí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ń ṣe fún tọmọdé tàgbà lọ́dọọdún ti di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀rọ ti sọ pé ojú pé, kí ni nọ́ọ̀sì tún fẹ́ wá sọ?

Ìyá Àgbà Èyíwùnmí rojọ́ tirẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní Akínlùyì, àbúrò Morádékẹ́, kọjá lára òun ní ẹnu ọgbà ẹ̀fọ́, kò sì dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ mira. Akínlùyì yìí ni atukọ̀ tó ń gbé yìnyín wá láti gúúsù òṣùpá, yìnyín ọ̀hún ni wọ́n sì ń yọ́ sí omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ìyá Àgbà ní òun kọ́kọ́ rò pé ipò ló ń gun ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun bi àwọn àgbà mìíràn léèrè, gbogbo wọn ló ní irú rẹ̀ láti sọ.

“Mo mọ ọmọ tí mo tọ́,” ni ó wí. “Bó bá wọlé bá mi, á dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Bó bá wá di ojú ọ̀nà, á ṣe bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí bàbá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo kì í ní ìwà méjì. Ẹ bi ẹ̀rọ yín léèrè ohun tó fi sí i lára.”

Akínlùyì bẹ̀bẹ̀ pé òun kò rí wọn. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, nítorí Ìyá Àgbà kì í ṣe obìnrin kékeré. Ọ̀mọ̀wé Ajísafẹ́, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Morádékẹ́, dìde pé ayé ti yí padà, pé ẹ̀rọ kì í kọ́ni níwà, pé kí àwọn àgbà lọ kọ́ ọmọ wọn nílé. Ariwo sọ. Morádékẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló sọ.

Baálẹ̀ Fásùàn kò fẹ́ràn wàhálà. Ó ní kí Akínlùyì lọ gbé yìnyín tó kàn wá, torí omi ṣe pàtàkì ju ìbínú lọ. Bí ó bá sì gúnlẹ̀ tí kò tíì sí àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, wọn yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Láti kékeré ni Akínlùyì ti fẹ́ wa ọkọ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó tẹrí ba, ó jáde.

Ohun kan kò jẹ́ kí Morádékẹ́ gbádùn. Àbúrò rẹ̀ lè jẹ́ alágídí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́. Ó ti ní òun kò rí Ìyá Àgbà. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn kò ronú kàn. Ó gbé àpótí lọ jókòó sí oríta ọ̀nà ọjà, ó ń wo ẹni tí wọ́n kí àti ẹni tí wọn kò kí. Àwọn ènìyàn rò pé ìtìjú ẹjọ́ ló dà á lórí rú, wọ́n ń bá a kẹ́dùn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó rí ọkùnrin kan tó sáré kí àgbà tó ń bọ̀ níwájú, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹsẹ̀ àgbà mìíràn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rí obìnrin kan tó fẹjọ́ sùn pé wọn kì í kí òun, tí òun náà sì kọjá lára àbúrò ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn tó bá wá níwájú, wọ́n ń kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kò sí ẹni tó rí tiwọn rò.

Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ọrùn ni. Lẹ́yìn náà ló rántí òfin.

Nígbà tí àwòkún ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, gbogbo ohun tó bá rántí ló máa ń yà sójú, títí kan ènìyàn. Ìyá Àgbà Èyíwùnmí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Fámúrewá, kú ní àsìkò náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún, níbi tó ti máa ń jókòó jẹun. Bí ó bá yíjú sí i, àga á ṣófo. Bí ó bá yíjú kúrò tán, bàbá á tún ti jókòó. Ó sunkún wá bá Morádékẹ́, ìlú sì dàrú. Àwọn àgbà ní òkú kì í bá alààyè jókòó ti oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní kì í ṣe òkú, pé ẹ̀rọ ló ń ṣi nǹkan rántí. Ọ̀nà tí tọ̀tún tòsì gbà fohùn ṣọ̀kan ni pé kí wọ́n ṣòfin pé àwòkún kò gbọdọ̀ ya ènìyàn mọ́ láé. Kó ya ògiri, kó ya àga, kó ya ọ̀nà, kó fi ènìyàn sílẹ̀. Ìyá Àgbà bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyókù ìlú wọ tiwọn lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Bí Morádékẹ́ ṣe ń ro èyí lórí àpótí ní oríta, ìbéèrè kan bọ́ sí i lọ́kàn, ó sì yà á lẹ́nu pé òun kò bi í nígbà náà. Àwòkún kì í fi àbùlẹ̀ sí ibi tí kò ya. Ibi tí ojú kò bá ti ríran nìkan ló ń dí. Inú ilé ni Ìyá Àgbà ti rí bàbá, níbi tí oòrùn kankan kò dé. Kí ni àbùlẹ̀ ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún Ìyá Àgbà?

Ó dìde, ó sì sáré lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí ohùn àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ wà ní ìpamọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ bá òun wá àìsàn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ ojú. Kò pẹ́ tí ohùn obìnrin kan tó ti kú tipẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gulokóómà. Obìnrin náà ní omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń ṣẹ̀dá ara rẹ̀ tó sì ń ṣàn jáde. Bí ojú ibi tó ń gbà jáde bá dí díẹ̀díẹ̀, omi á pọ̀ nínú ojú, á máa ti iṣan tó ń gbé ìròyìn ojú lọ sí ọpọlọ, títí iṣan náà á fi máa kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kì í dunni, kì í pọ́n, kì í sì í yún. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ á máa dí àlàfo náà débi pé ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, nítorí náà kí ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ní i má ṣe jókòó tẹtẹrẹ, kó tètè lọ yẹ ojú wò.

Morádékẹ́ ronú kan agbo ilé díẹ̀ tó tẹ Ìdó-Òṣùpá dó, tí wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn láti ìgbà náà. Ojú wọn ti ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòkún sì ń fi ògiri àti ọ̀nà dí ibẹ̀, láìsí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ fèrè tó ń kéde pé ọkọ̀ yìnyín ti ń sún mọ́ pápá.

Bí ó ṣe dé yàrá ìdarí, ohùn Akínlùyì ti wà nínú rédíò, tó ń sọ pé òun ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú ògiri aláwòrán, Morádékẹ́ rí pápá ìgúnlẹ̀ kedere. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà ní apá òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fa okùn tí yóò mú ọkọ̀ so mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ sì ń lọ tààrà sórí wọn. Ẹni tó wà nídìí rédíò rò pé ó ti rí wọn, nítorí ta ni kò ní rí ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Morádékẹ́ gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. “Akínlùyì, kí lo rí ní apá òsì?”

“Pápá ṣófo, Àǹtí mi.”

“Dá ọkọ̀ dúró níbi tó wà. Yí orí rẹ sí òsì. Orí ni mo wí o, kì í ṣe ojú nìkan.”

Ó yí orí. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀.” Ọkọ̀ gòkè padà, ó so rọ̀ lókè pápá títí gbogbo òṣìṣẹ́ fi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣèṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ ń bú u pé ó fẹ́ fi àwọn ṣeré.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Morádékẹ́ bọ́ àwòkún kúrò lójú àbúrò rẹ̀. Ó ní kó tẹjú mọ́ imú òun, kó má wo ibòmíràn. Ó wá ń mú ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, pé kó sọ̀rọ̀ bó bá ti rí i. Ìka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú kí Akínlùyì tó ní òun rí i. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tó ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sójú láti mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì tó. Ó tì ju bó ṣe yẹ lọ ní ojú méjèèjì.

“Kò dùn mí rí, Àǹtí mi,” ni Akínlùyì ń sọ. “Bí ó bá dùn mí, ǹ bá ti sọ.”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í dunni.”

“Ṣé ó máa padà?”

Morádékẹ́ fẹ́ purọ́. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. “Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn wà tí a ó máa kán sí i lójoojúmọ́ láti fi tọ́jú èyí tó kù, ojoojúmọ́ títí ayé, bó tilẹ̀ ń ṣe ọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe ọ́. Oògùn náà kò lè gba inú àwòkún kọjá. O ò lè wọ̀ ọ́ mọ́.”

Kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rárá. Akínlùyì fúnra rẹ̀ ló yọ àmì atukọ̀ kúrò láyà, tó fi í lé orí tábìlì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Morádékẹ́ jókòó tì í.

Nígbà tí gbọ̀ngàn tún kún, ìjà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní bó bá jẹ́ òfin ló fa á, kí wọ́n pa òfin rẹ́, kí ẹ̀rọ máa ya ènìyàn padà. Ajísafẹ́ ní òun lè tún un ṣe kó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣáà fún òun láyè. Morádékẹ́ kọ̀ fún tọ̀tún tòsì. Ó ní kí olúkúlùkù bọ́ tirẹ̀ kúrò lójú, kí wọ́n wá tò, kí òun yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀rọ tí a ní kó jẹ́rìí ara rẹ̀ kò lè pe ara rẹ̀ ní aláìdára. Ajísafẹ́ fẹ́ jiyàn. Ó bọ́ tirẹ̀, ó wo gbọ̀ngàn yíká, ó rí i pé òun náà kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́.

Ìyá Àgbà Èyíwùnmí ni Morádékẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nínú yàrá rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba bí ojú abẹ́rẹ́ ló kù fún un láàárín ojú ọ̀tún. Ti òsì sàn díẹ̀. Ó ti ń rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ìró ẹsẹ̀ ló fi mọ̀ pé Akínlùyì kọjá ní ẹnu ọgbà lọ́jọ́ náà. Òun náà kò rí i.

“Nígbà náà, kì í ṣe Fámúrewá ló ń wá,” ni arúgbó náà wí.

“Kì í ṣe àwọn, Màmá. Àìsàn ló ti wà lójú yín. Ẹ̀rọ ń fi bàbá dí i.”

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ojú ọ̀tún rẹ̀. “Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀,” ni ó sọ. “N kò sọ èyí fún yín nígbà náà. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Nítorí ìlú ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́.” Ó nu ojú rẹ̀ nù. “Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀, Morádékẹ́, tí a ń pa làpálàpá. Kán oògùn rẹ sí i.”

Láti ìgbà náà, ìlú ń tò síwájú yàrá àyẹ̀wò. Akínlùyì tí kò ní ọkọ̀ mọ́ ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́: òun ló ń fa arúgbó lọ́wọ́ wọlé, òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé orí sẹ́yìn kí oògùn má bàa ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ló sì ń bá àwọn tó ń gbàgbé jà. Àwọn kan wà tí ojú wọn pé, wọ́n sì jó jáde. Àwọn mìíràn kò lè jó. Ní agbo ilé kan, láti orí bàbá dé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ iléèwé, kò sí ẹni tó mórí bọ́. Ṣùgbọ́n ti ọmọ náà kò tíì jìnnà, oògùn á dá a dúró, ó sì ṣeé ṣe kó dàgbà kó máà mọ ohun tí ì bá ṣe òun. Morádékẹ́ fi èyí tu ara rẹ̀ nínú.

Ọjọ́ dé tí ẹni tó kẹ́yìn jáde. Morádékẹ́ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀ díẹ̀. Akínlùyì ti ilẹ̀kùn, ó fa àga síwájú rẹ̀.

“Ta ló wo tiyín, Àǹtí mi?”

Morádékẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ráyè bọ́ àwòkún tòun, torí àwòkún náà ni òun fi ń ka ìwọ̀n ojú àwọn ènìyàn, àti pé gbogbo nǹkan ni òun ń rí dáadáa.

“Bí gbogbo wọn ṣe wí nìyẹn,” ni Akínlùyì fèsì. “Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Ó bọ́ awọ náà kúrò lójú, èyí tó ti wọ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni ní Ìdó-Òṣùpá, ó sì tẹjú mọ́ imú àbúrò rẹ̀. Ó dúró. Ó rò pé ó ń pẹ́ jù.

“Bẹ̀rẹ̀ ná. Mo ti ṣe tán.”

Akínlùyì kò dáhùn.

“Akínlùyì, ìka rẹ dà?”

“Mo ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, Àǹtí mi,” ni ó wí. “Ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín.”